Bí O Ṣe Lè Dá Eegun Ọrùn, Ti Àyà àti Ti Ìbàdí Mọ̀ Láì Méfò

Wọ́n gbé ẹyọ eegun ẹ̀yìn kan síwájú rẹ nínú steeplechase, ìdánwò tí o ti ń lọ láti tábìlì kan sí òmíràn. Aago ti ń lọ. Ohun tí wọ́n kọ sórí pépà kò ju "Dárúkọ eegun yìí" lọ. O wò ó, o rí i pé ó tóbi díẹ̀, o kọ "lumbar", ìyẹn eegun ìbàdí. Agogo dún, o ṣí lọ sí tábìlì tó kàn. Ìgbà tí èsì jáde lo tó mọ̀ pé T12 ni, ìyẹn eegun kejìlá ti àyà.

Bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ti nọ́ọ̀sì àti ti físíò ṣe ń sọ máàkì nù nìyẹn, kì í sì í ṣe pé wọn kò kàwé. Ọ̀pọ̀ wọn lè ka àbùdá eegun ẹ̀yìn látòkè délẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì. Ohun tó ń kó bá wọn ni pé ìtóbi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, ìtóbi kò sì ṣeé gbára lé. Eegun ìbàdí ẹni tó kéré lára lè má fi bẹ́ẹ̀ ju eegun ìsàlẹ̀ àyà ẹni tó síngbọnlẹ̀ lọ. Ìbéèrè méjì péré ni mo fẹ́ kí o máa bi eegun kí o tó sọ ọ́ lórúkọ, kí o máa bi í ní ìtẹ̀léra kan náà nígbà gbogbo. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìbéèrè méjèèjì ló dúró lé.

Ohun tí o máa nílò

- Eegun ẹ̀yìn, ó kéré tán ẹyọ kan láti ọrùn, ẹyọ kan láti àyà, ẹyọ kan láti ìbàdí. Bí o bá rí gbogbo rẹ̀ kó jọ, ó dára jù: 7 ti ọrùn (C1 dé C7), 12 ti àyà (T1 dé T12), 5 ti ìbàdí (L1 dé L5), 24 lápapọ̀.
- Ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó tín-ín-rín.
- Aṣọ tó nípọn tí o máa tẹ́ sórí tábìlì. Ìyẹ́ eegun ọrùn lè kán bó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.
- Pẹ́ńsù àti ìwé. Má kọ nǹkan kan sára eegun.
- Ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Iná tó wà lórí òrùlé nìkan kì í jẹ́ kí ojú oríkèé hàn dáadáa. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tó o na sí i láti ẹ̀gbẹ́ máa ń fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Bó bá jẹ́ eegun ènìyàn gan-an ló wà lọ́wọ́ rẹ, rántí pé ẹnì kan ló fi rìn láyé. Fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un, má ya fọ́tò rẹ̀ kiri, kí o sì kà á kí o tó dá a padà. Bó bá jẹ́ oníke ni, mọ̀ pé ìjókòó ìhà, ibi tí ìhà ti ń fara kan eegun ẹ̀yìn, kì í hàn dáadáa lára àwọn kan nínú wọn. Bó o bá wo ti oníke tí kò yé ọ, wá eegun gidi wò.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ mélòó kan nìyí tí màá máa lò. Apá iwájú tó ki, tó rí róbótó, la ń pè ní body. Ihò tó wà láàárín, tí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ń gbà kọjá, ni màá pè ní ihò ńlá. Transverse process tó nà sọ́tùn-ún àti sósì ni ìyẹ́. Spinous process tó nà sẹ́yìn ni ìrù. Pedicle ni ọwọ̀n kúkúrú tó so body mọ́ ìyókù. Ibi tí eegun kan ti ń pàdé èkejì ni ojú oríkèé: méjì wà lókè, méjì wà nísàlẹ̀. Nínú ìdánwò, orúkọ tí ilé ìwé fi kọ́ ọ ni kí o kọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Gbé eegun náà dúró bó ṣe wà lára ènìyàn

Mú un bíi pé inú ẹ̀yìn tìrẹ lo ti yọ ọ́: body kọjú síwájú, ìrù kọjú sí àyà rẹ. Báyìí, ọ̀tún eegun wà ní ọ̀tún rẹ, òsì rẹ̀ wà ní òsì rẹ. Àwọn tó ń mú un kí body kọjú sí wọn ló máa ń kọ ọ̀tún ní òsì.

Òkè àti ìsàlẹ̀ ló ṣòro jù. Ìrù tó dagun sísàlẹ̀ máa ń tọ́ni sọ́nà lára ti àyà, ṣùgbọ́n ti ìbàdí nà gbọọrọ sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan fún ọ. Lára àwọn méjèèjì yìí, wo pedicle láti ẹ̀gbẹ́. Kòtò kan wà lórí rẹ̀, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó jìn ni ti ìsàlẹ̀. Lára ti ọrùn, kòtò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà wo orí body: láti C3 lọ sísàlẹ̀, ètè méjì gbé sókè lọ́tùn-ún lósì bí etí àwo pẹrẹsẹ. Ibi tí ètè wà ni òkè.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* fi àtàǹpàkò rẹ kan ojú oríkèé méjì ti òkè. Ti ọrùn kọjú sókè àti sẹ́yìn, ti àyà kọjú sẹ́yìn, ti ìbàdí dojú kọ ara wọn. Bí o bá rí i pé wọ́n kọjú síwájú, o ti dorí eegun náà kodò. Yí i padà kí o tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìbéèrè àkọ́kọ́. Ǹjẹ́ ihò wà nínú ìyẹ́?

Mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kí o tì í bọ inú ìyẹ́ láti òkè. Bó bá yọ nísàlẹ̀, ọrùn ni. Parí. Kò sí eegun ẹ̀yìn mìíràn tó ní ihò yẹn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ foramen transversarium. Láti C6 dé C1, inú ihò yìí ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ vertebral artery ń gbà gòkè lọ sínú agbárí láti fún ọpọlọ ní ẹ̀jẹ̀. Eegun àyà àti ti ìbàdí kò ní irú iṣan bẹ́ẹ̀ láti gbé, ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ wọn fi dí.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan máa ń ki ìgbálẹ̀ bọ ihò ńlá, wọ́n á ní àwọn ti rí ihò. Ihò ńlá wà lára gbogbo wọn, kò fi nǹkan kan hàn. Àwọn mìíràn bá ìyẹ́ tó ti kán pàdé, wọ́n á kọ "kò sí ihò"; wo ìyẹ́ kejì kí o tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni C7: ihò tirẹ̀ lè kéré gan-an, ti ẹ̀gbẹ́ kan sì lè kéré ju ti èkejì lọ, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá yẹn kì í sábà gba inú rẹ̀. Ìgbálẹ̀ tó tín-ín-rín jù lọ ni kí o fi dán an wò.

Bí o kò bá rí eegun ènìyàn lò, ra ọrùn ewúrẹ́ lọ́jà, sè é títí ẹran á fi bọ́ kúrò lára rẹ̀, kí o fi ìgbálẹ̀ wá ihò yẹn. Ọrùn ewúrẹ́ ní eegun 7 bíi tiwa. Ti àgùnfọn pẹ̀lú gígùn ọrùn rẹ̀ kò ju 7 náà lọ. Ṣùgbọ́n má fi ewúrẹ́ kọ́ iye ìhà, torí pé ìhà 13 ló ní ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tiwa jẹ́ 12.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ìgbálẹ̀ méjì dúró ṣánṣán, ọ̀kan nínú ìyẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan nínú ti òsì, ihò ńlá sì ṣófo láàárín wọn. Bó bá rí báyìí, o ti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìbéèrè kejì. Ǹjẹ́ ìhà jókòó sí i?

Bí kò bá sí ihò nínú ìyẹ́, má tíì sọ orúkọ kankan. Fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ body níbi tó ti pàdé pedicle. Ara eegun kì í fi bẹ́ẹ̀ dán, ṣùgbọ́n ìjókòó ìhà máa ń dán lábẹ́ ìka bí ara ìṣasùn tó ti pẹ́ nílé. Na iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, wàá rí etí rẹ̀.

Orí ìhà sábà máa ń há sáàárín eegun méjì, nítorí náà ìdajì ìjókòó wà lára eegun òkè, ìdajì wà lára ti ìsàlẹ̀. Èyí ló fà á tí wàá fi rí ìdajì méjì lára ọ̀pọ̀ eegun àyà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. T1 ní odidi kan lókè àti ìdajì nísàlẹ̀. T11 àti T12 ní odidi kan péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti T1 dé T10, ìjókòó mìíràn tún wà ní iwájú ìyẹ́, níbi tí èjìká ìhà ti ń fara tì í.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń pe ojú oríkèé ní ìjókòó ìhà, torí pé àwọn méjèèjì dán. Ojú oríkèé wà lẹ́yìn ihò ńlá, ó yọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìjókòó ìhà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ body tàbí lórí pedicle, tàbí ní iwájú ìyẹ́. Sọ ibi tí nǹkan tó ń dán náà wà kí o tó sọ ohun tó jẹ́.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ìhà bá wà nínú àpótí eegun rẹ, gbé orí rẹ̀ lé ìjókòó yẹn. Ìhà gidi á nà síta, á sì dagun sísàlẹ̀. Bó bá ṣe bíi pé ó fẹ́ wọ inú ihò ńlá lọ, ojú oríkèé lo gbé e lé.

Ìgbésẹ̀ 4: Kò sí ihò, kò sí ìjókòó ìhà

Ìbàdí ni. Fi nǹkan mẹ́ta fìdí rẹ̀ múlẹ̀: body tó rí bíi kíndìnrín, tó fẹ̀ lọ́tùn-ún sósì; ìrù tó fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹnu àáké; àti kókó kékeré tó wà lẹ́yìn ojú oríkèé òkè, èyí tí à ń pè ní mammillary process.

Ìgbésẹ̀ 5: Tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ìdánwò kì í béèrè orúkọ nìkan. Wọ́n á ní kí o fi méjì wéra, ọ̀pọ̀ sì máa ń kọ àbùdá C tán pátápátá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ti L. Ìyẹn kì í ṣe àfiwé, àpèjúwe méjì ni. Gbé ohun kan ṣoṣo, wò ó lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o tó lọ sí ohun tó kàn.

Body: ti ọrùn kéré, ó fẹ̀ ju bó ṣe jìn lọ, ti àyà rí bí ọkàn, ti ìbàdí tóbi jù, ó rí bíi kíndìnrín, nítorí pé ẹrù gbogbo ara òkè ló ń gbé.

Ihò ńlá: ti ọrùn tóbi, ó ní igun mẹ́ta, ti àyà kéré, ó sì rí róbótó, ti ìbàdí tún padà di onígun mẹ́ta. Ọmọ ìka rẹ lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ti ọrùn tóbi torí pé mùdùnmúdùn ẹ̀yìn nípọn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣan (nerve) tó ń lọ sí ọwọ́ ti ń jáde.

Ìrù: láti C2 dé C6, ó kúrú, ẹnu rẹ̀ sì sábà máa ń là sí méjì. Ti àyà gùn, ó dagun sísàlẹ̀ débi pé ti àárín àyà máa ń bo eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ti ìbàdí ni ẹnu àáké tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ojú oríkèé ni kí o lo àkókò lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni àfiwé ti ní ìtumọ̀. Gbé eegun ìbàdí méjì léra wọn. Ti òkè há sínú ti ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Gbìyànjú láti yí ti òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́: kò yí, eegun ń gbún eegun. Tẹ̀ ẹ́ síwájú: ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣe bákan náà pẹ̀lú eegun ọrùn méjì, wàá rí i pé ó yí, ó tẹ̀, ó tún dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí o fi lè bojú wẹ̀yìn láì kúrò lórí àga, tí ìbàdí rẹ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú èyí kì í gbàgbé ibi tí ojú oríkèé kọjú sí mọ́.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* bo ìwé rẹ, kí ẹnì kan máa pe ohun kan, bíi "ìrù", kí o sọ ti ọrùn, ti àyà àti ti ìbàdí láìdánu dúró. Èyí tó bá há ọ lẹ́nu, padà lọ fọwọ́ kan eegun náà. Má padà lọ sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn tó ń tanni jẹ

C1 kò ní body, kò ní ìrù, òrùka ni. Ojú oríkèé rẹ̀ ti òkè jin kòtò bí ìdajì ìkarahun ẹ̀pà, orí ń mì níbẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni". Ti ìsàlẹ̀ rí pẹrẹsẹ, ó sì súnmọ́ róbótó. C2 ní ọ̀pá tó dúró sókè bí ìka tó ń júwe ọ̀run. Òun ni dens, òun ni C1 ń yí mọ́ nígbà tí o bá ń mi orí pé "rárá". Àwọn méjèèjì kì í sábà ni ẹnikẹ́ni lára.

C7 àti T1 máa ń dà rú. Ìrù àwọn méjèèjì gùn, kò sábà là, T1 náà sì ní ètè lórí body bí ẹni pé ọrùn ni. Padà sí ìbéèrè méjì rẹ. Ihò wà nínú ìyẹ́? C7. Kò sí ihò, odidi ìjókòó ìhà wà lókè body? T1.

T12 gan-an ni mo fẹ́ kí o farabalẹ̀ sí. Ó mú mi rí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo gbé e lọ́wọ́, mo wo body rẹ̀ tó ki, mo wo ìrù rẹ̀ tó kúrú tó sì fẹ̀, mo wo ojú oríkèé ìsàlẹ̀ tó kọjú síta, mo kọ L1 pẹ̀lú ìdánilójú. Ojú oríkèé ìsàlẹ̀ yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Ó kọjú síta lóòótọ́, torí pé L1 ló máa gbé e mì, ó sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Àmọ́ mi ò yí i wo òkè. Ojú oríkèé òkè T12 ṣì kọjú sẹ́yìn bíi ti àyà. Eegun tí òkè rẹ̀ jẹ́ ti àyà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìbàdí, T12 ló sábà máa ń jẹ́. Lórí pedicle rẹ̀, odidi ìjókòó ìhà kan wà níbẹ̀ tí mi ò fìka kàn. Ìyẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ ìyẹ́ mọ́. Ó kúrú, ó sì pín sí kókó mẹ́ta.

T11 jọ ọ́: òun náà ní odidi ìjókòó kan, kò sì sí ìjókòó lára ìyẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìhà 11 àti 12 kì í fara ti ìyẹ́. Ojú oríkèé ìsàlẹ̀ lo máa fi yà wọ́n. Ti T11 ṣì kọjú síwájú, ti T12 ti kọjú síta.

L5 rọrùn: iwájú body rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, ìyẹ́ rẹ̀ sì ki, ìdí rẹ̀ nà dé ara body.

Mọ̀ pẹ̀lú pé ara ènìyàn kì í ṣe oníke tí wọ́n rọ kan náà. L5 àwọn kan lẹ̀ mọ́ sacrum, eegun ìdí tó wà lábẹ́ rẹ̀. C7 àwọn mìíràn ní ìhà kékeré tirẹ̀, ìhà náà sì lè máa tẹ iṣan (nerve) tó ń lọ sí ọwọ́. Bí eegun kan kò bá gbà rárá, kọ ohun tí o rí, kí o sọ ìdí tó fi yàtọ̀.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* kó T11, T12 àti L1 sínú aṣọ, dì wọ́n, fọwọ́ nìkan yọ T12 jáde. Bó bá tọ̀nà ní ìgbà mẹ́ta léra léra, o ti borí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Wá wọn lára alààyè

Bẹ ẹnì kan tó gbà fún ọ. Bó bá jẹ́ àgbà, sọ fún un pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹrí ba díẹ̀". Kókó tó yọ jù ní ìpakò ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ C7, àmọ́ ti T1 lè yọ jù ú lọ lára àwọn kan, nítorí náà má fi kókó kan ṣoṣo búra. Gbé ìka sí méjèèjì, kí ẹni náà gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dúró pa lábẹ́ ìka rẹ ni T1, èyí tó bá orí rìn ni C7.

Lẹ́yìn náà, gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí bèbè ìdí, fa ìlà láti ọ̀tún sí òsì. Ìlà náà máa ń gba nǹkan bí L4 kọjá. Orí ìlà yìí ni dókítà ń fi ojú sùn kó tó gún abẹ́rẹ́ fa omi ẹ̀yìn ní àárín L3 àti L4, tàbí L4 àti L5. Mùdùnmúdùn ẹ̀yìn àgbàlagbà ti sábà parí ní nǹkan bí L1 sí L2, abẹ́rẹ́ kò ní bá a níbẹ̀. Iye tí o ń kà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á lẹ́yìn aláìsàn.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ka ìrù láti C7 wálẹ̀. Bí o bá dé ìlà bèbè ìdí, tí iye rẹ kò sì súnmọ́ L4, o ti fo kókó kan. Ní àárín àyà ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, níbi tí ìrù ti gẹṣin léra. Jẹ́ kí ẹni náà tẹ̀ síwájú, kí o tún un kà.

Kí o tó kó eegun padà

Da gbogbo 24 pọ̀ sórí aṣọ, pò wọ́n mọ́ra, kí o tò wọ́n láti C1 dé L5 láì wo ìwé. Gbé wọn léra ní ẹyọ ẹyọ bí o ṣe ń tò wọ́n. Níbi tí o ti tò ó dáadáa, ojú oríkèé méjèèjì á jókòó pa pọ̀. Bí eegun òkè bá ń mì jẹgẹjẹgẹ lórí ti ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sí ní ipò rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ti ẹlòmíràn ti wọ inú àpótí rẹ, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pín àpótí lò. Yọ ọ́, padà sí ìgbésẹ̀ 1 pẹ̀lú ẹyọ kan yẹn nìkan, kí o wá ipò rẹ̀ kí o tó pa àpótí dé.